Ẹ̀rọ Tó Wà Láyà Mi àti Ọ̀nà Ìbàdàn

Ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ máa mọ́ sí Iléyá ni àgbò já mọ́ mi lọ́wọ́ ní àgbàlá wa ní Ṣakí. Mo fẹ́ so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò ni okùn bọ́, àgbò gba ẹnu ọ̀nà jáde, èmi náà sì fi eré sí i tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò ń pariwo pé kí n dá a lọ́nà níbí, kí n dá a lọ́nà lọ́hùn-ún. A ti kọjá mọ́sálááṣí, mo ti sún mọ́ ọn débi pé ó kù díẹ̀ kí n dì í ní ìwo mú, nígbà tí nǹkan kan gbá mi láti inú àyà wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ta mí nípàá rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bà mí ní ìhà, mo sì rò pé mo ti mọ bí ìpá ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ìta ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti wá. Èyí, inú mi lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé mi kúrò lórí ẹsẹ̀, ó sì fi mí lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mi ò tíì gbé orí sókè tí èkejì fi dé.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí, pé iná wà lára mi, ẹni tó bá dì mí mú, iná á gbé òun náà. Gbogbo wọn sì sún sẹ́yìn. Ìyàwó mi ló la àárín wọn kọjá, tó jókòó sínú ẹrẹ̀ náà, tó gbé orí mi lé itan rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Òun àti èmi la jọ mọ̀ pé ẹ̀rọ inú àyà mi ló ṣiṣẹ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni ìdí tó fi ṣiṣẹ́.

Jórinjórin ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jó irin mọ́ irin létí títì tó lọ sí Àgó-Àmọ̀dú. Mo ń ṣe géètì, mo ń ṣe fèrèsé onírin, mo sì ń ṣe ọmọlanke tí àwọn àgbẹ̀ ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà láti fi kó iṣu wọlé. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ àgbò yìí, mo ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì mọ nǹkan kan mọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé iná ló gbé mi. Láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn ni wọ́n ti rí i ní Ìbàdàn pé ọkàn mi ti wú, pé nígbà mìíràn ó máa ń ya wèrè, á máa gbọ̀n rìrì dípò kó máa lù, kò sì ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sí olùrànlọ́wọ́ nítòsí, ó parí nìyẹn. Ìbejì làwọn ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. Ìyẹn sá sókè, ó sá sódò, títí ó fi bá àwọn dókítà kan pàdé tí wọ́n ń wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n la awọ abẹ́ èjìká mi òsì, wọ́n ki ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ, wọ́n sì fi wáyà rẹ̀ gba inú iṣan lọ sínú ọkàn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa ṣọ́ ọkàn mi tọ̀sán-tòru. Bí ọkàn bá ti ya wèrè, á fi iná gbá a kó lè padà sípò.

Mo dúpẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa ráhùn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí egbò ń jiná lọ́wọ́ ni dókítà sọ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ jó irin mọ́. Ó ní iná tí a fi ń jórin lè da ẹ̀rọ náà lójú rú, kó máa rò pé ọkàn mi ló ń ṣe wèrè. Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ nìyẹn, tó ń nàka sí ibi tí irin ti wọ́. Ó tún ní mo gbọ́dọ̀ máa wá sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí ayé mi, kí wọ́n máa wo bátìrì, kí wọ́n máa wo wáyà, kí wọ́n sì bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó ti rí. Mo ní kò burú. Lójú mi nígbà náà, àyẹ̀wò ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí àwọn dókítà òkè òkun yẹn ṣì ń wá, mi ò ní ju kí n dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé nǹkan kan tó dà bí eku kọ̀ǹpútà lé mi láyà, kí wọ́n wo ojú ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n sì ní ó di ìgbà mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọn ò wá mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ Iléyá. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ṣe wá jẹ́jẹ́. Ó lẹ wáyà mọ́ mi láyà àti lẹ́sẹ̀, ó tẹ ìwé jáde, ó ní ọkàn mi ń lù bó ṣe yẹ lásìkò yẹn. Mo bi í bóyá ó lè bá mi bi ẹ̀rọ léèrè ìdí tó fi gbá mi.

“Bàbá,” ó ní, “ó ti kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ohun tí mo lè fi bá a sọ̀rọ̀.”

Ó ní kí n tètè lọ sí Ìbàdàn, pé tó bá jẹ́ pé ọkàn mi ló ya wèrè, a jẹ́ pé oògùn tí mo ń lò kò ká a mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣì mí gbá, ó lè tún gbá mi nígbàkígbà. Ohun tó sọ yìí kò jẹ́ kí n fi ẹran Iléyá sẹ́nu. Wọ́n ti mú àgbò náà lójú títì Ìsẹ́yìn, wọ́n ti pa á, àwọn ènìyàn ń wọlé kí mi, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá mi sí. Èmi kàn ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù ni. Nígbàkígbà tó bá sáré díẹ̀, màá di etí àga mú.

Bí ìsinmi ti parí la kọrí sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà la wọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn lásìkò òjò mọ̀ pé kì í ṣe ìjókòó ni ènìyàn ń jókòó nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Bí táyà bá ti já sí kòtò, ìyàwó mi á fọwọ́ kàn mí láyà. Ní Komu, wọ́n dúró láti pààrọ̀ táyà, a bọ́ sílẹ̀, mo sì bá a jà pé kó yé fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Nígbà tí a tún wọ ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ padà síbẹ̀.

Láti Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà, ọ̀nà dán, mo tiẹ̀ sùn díẹ̀. A dé ilé ìwòsàn, a tò, wọ́n pè wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò wà lórí tábìlì, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní kílíníìkì náà gbé e sí mi láyà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò rí nǹkan kan. Ó gba káàdì ẹ̀rọ tí wọ́n fún mi nígbà iṣẹ́ abẹ, ó kà á, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe tèmi. Èdè wọn ò jọra. Ti ilé iṣẹ́ tèmi, Èkó ló wà, ẹni kan ló máa ń gbé e wá, ó sì di ìgbà tí àwọn tó nílò rẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀ kó tó wá.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì àyà mi ní ṣíṣí. Ọjọ́ orí mi yìí, àárín irin ni mo ti lò ó. Sípánà tó bá tú nọ́ọ̀tì ọkọ̀ àwọn Faransé, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ó ń tú ti àwọn Japan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fẹ́ kí sípánà ẹnì kan tú ti ẹnì kejì. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi, ó ní òun á pè mí bí wọ́n bá ti dá ọjọ́. A padà sí Ṣakí.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ bí mo ṣe gbé e. Mi ò rìn kánkán mọ́. Bí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́sálááṣí, màá dúró sí àárín bí arúgbó. Mo gba àga lọ́wọ́ lèmọ́mù, mò ń jókòó kírun lẹ́yìn àwọn tí mo ṣe ọ̀gá fún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní oko iṣu ní ìtòsí Àgó-Àmọ̀dú, ó ní kí n wá fi afẹ́fẹ́ oko tu ara, mo kọ̀, mo ní tó bá gbá mi láàárín ebè, ta ni yóò rí mi? Ìyàwó mi gbé ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́ ẹ sítòsí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n lè máa sùn dáadáa ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, bóyá tèmi, bóyá ti ẹ̀rọ, mi ò bi í.

Ọmọ wa tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì fi àpótí kékeré kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ń gbé e sí. Bí aláìsàn bá sùn, àpótí á bá ẹ̀rọ àyà rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sì fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà. Kò sí ìrìn àjò, kò sí títò. Inú mi dùn gan-an. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, a tan jẹnẹrétọ̀ fún un, iná pupa kan ń ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú títí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá. Ọmọ wa pe ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sọ fún un pé àpótí yẹn kì í ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tiwa. Mo ní kó bi wọ́n bóyá ọkàn tiwa náà kì í lù ni. Kò bi wọ́n. Ìyàwó mi wá ń gbé tẹ̀súbà rẹ̀ lé orí àpótí náà.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì pè, ó dá ọjọ́ fún wa. A tún gba ọ̀nà náà lọ, òjò ti bà á jẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A dé kílíníìkì, a bá àwọn mìíràn tí wọ́n ní irú ẹ̀rọ tèmi láyà. Bá a ṣe ń jókòó sílẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa pé ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó ti ṣẹ́rí padà, pé ọkọ̀ epo kan ṣubú dínà, kò sì sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Nọ́ọ̀sì ní òun ti ń pe fóònù mi láti ìdájí, kò wọlé. Òótọ́ ni. Òjò ti ba nẹ́tíwọọ̀kì jẹ́ ní Ṣakí láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìyàwó mi ló dìde. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, èlùbọ́ ló ń tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ sùúrù. Ó dúró níwájú nọ́ọ̀sì, ó ní:

“Ẹni tó bá gbé iná sí ọmọlọ́mọ láyà, ṣé kò yẹ kó máa bẹ̀ ẹ́ wò ni?”

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní, “Màmá, èmi náà ti sọ ọ́ fún wọn títí, ó ti sú mi.” Ó lọ bu omi wá fún wa. Bí ó bá bínú ni, à bá rí ẹni bá jà. Èyí tó bu omi fún wa yìí ló jẹ́ kí nǹkan náà le. Kò sí ẹni kan tí mo lè nàka sí pé òun ló ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹni Èkó wá rí ọ̀nà wá. Ní tiwa, a ti sùn mọ́jú ní Ìsẹ́yìn nílé ìbátan ìyàwó mi, kí kòtò Ṣakí má baà dá wa dúró. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ náà kiri, ó ń fa àpótí oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wọ bàálù. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó bẹ̀bẹ̀ fún ti ìjelòó, ó sì ní kí n dùbúlẹ̀. Ó gbé ohun tó dà bí eku kọ̀ǹpútà yẹn lé mi láyà. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń wò ó, mo sì ń wo ojú tirẹ̀. Ó wá bi mí pé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Iléyá, kí ni mò ń ṣe?

“Àgbò já mọ́ mi lọ́wọ́,” mo ní. “Mò ń lé e.”

Ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi. “Ẹ wò ó, bàbá. Bí ọkàn yín ṣe ń yára díẹ̀díẹ̀ nìyí, bí ti ẹni tó ń sáré. Kò ya wèrè rárá. Iye ìlùkìkì ọkàn tí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbà bíi wèrè ló kéré jù. Ẹ sáré débẹ̀, ló bá gbá yín.”

“Ṣé kò yẹ kó gbá mi?”

“Kò yẹ, sà.”

Ó tún fi hàn mí pé ẹ̀rọ àyà mi ti ń múra ìkẹta lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn mi rọlẹ̀ nítorí pé mo wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pe dókítà wọlé, àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fi ohun kan bíi bírò tẹ ojú ẹ̀rọ níbì kan, ó tún un tẹ̀, ó ní ó ti tán. Òun ti gbé iye náà sókè, òun sì ti kọ́ ọ kó máa fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ń sáré àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ya wèrè. Ènìyàn kò tíì ní jẹ ẹ̀kọ kan tán láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ìyàwó mi ń sunkún ayọ̀, ó ń sọ alihamudulilai. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń de bọ́tìnnì mi, inú ń bí mi. Gbogbo àkókò tí mo fi ń rìn bí arúgbó, àga tí mo ń jókòó lé kírun, ẹní tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bírò kan ló tó láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo bi ọ̀dọ́mọbìnrin náà ìdí tí wọn kò fi lè fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Ó ní ẹyọ kan náà ni òun ń gbé lọ sí Ìlọrin, sí Abẹ́òkúta, sí Àkúrẹ́. Ó ní òun ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní èkejì. Mo tún bi í nípa iṣẹ́ mi, bóyá pẹ̀lú àtúnṣe tó ṣe yìí, mo lè máa jórin díẹ̀díẹ̀. Ó mi orí. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń gbà láyè lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ wọn agbára iná ibi iṣẹ́ wọn wò, ṣùgbọ́n níbí yìí, ta ni yóò wá wọn ṣọ́ọ̀bù mi wò ní Ṣakí?

Obìnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló wọlé lẹ́yìn mi. A ṣì ń kó ẹrù wa nígbà tó jáde, tó jókòó, tó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó mi bi í bóyá àlàáfíà ni. Ó ní wọ́n ní bátìrì òun ti fẹ́ tán, wọn kì í sì í pààrọ̀ bátìrì, gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n ń yọ tí wọ́n ń fi tuntun sí. Ó ní àwọn dókítà tó fi tòun sí i kò wá sí Nàìjíríà mọ́. Ó wá bi mí pé tèmi ńkọ́? Mo sọ fún un pé bátìrì tèmi ṣì lágbára. Ojú tì mí bí ẹni tó ń jẹun níwájú ẹni tí ebi ń pa.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbà mìíràn, ẹni Èkó á wá, nígbà mìíràn kò ní wá. Ẹ̀ẹ̀kan, ó wá, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kò ní epo, bátìrì ẹ̀rọ rẹ̀ náà sì ti tán láti ibi tó ti ń bọ̀. Mo ti padà sí ìdúró kírun. Ẹní ìyàwó mi ti kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kò tún gbá mi. Nígbà tí mo kẹ́yìn lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ fún mi pé bátìrì tèmi á ṣì lo bí ọdún mélòó kan. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, ìyàwó mi bi mí pé tó bá wá tán ńkọ́? Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ délé ná. Ó sọ fún mi pé obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, àwọn jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí fóònù rẹ̀ ti wọlé kẹ́yìn.

Oṣù tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò mi tún bọ́ sí. Mo pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá láti Èkó, kí n ṣe sùúrù. Mo ní mo gbọ́.